"Ẹ Má" Tí Àpótí Gbé Mì

Ìrolù,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bàsírá Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Bí ilẹ̀ bá mọ́ ire lọ́dọ̀ rẹ, a dúpẹ́. Níbí náà, ire ni. Mi ò ní jẹ́ kí ìkíni gùn, nítorí ọwọ́ mi kì í yá nídìí ìwé, ìwọ náà sì mọ̀ pé Prámárì Kẹrin ni mo ti dúró. Ibi tí àmì bá ti ṣubú, fi ohùn mi kà á, wàá gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, kí o kó ẹrù rẹ wá bá mi ní Ìrolù. O ní ọ̀gá rẹ ti sọ pé bí ìkéde àárọ̀ Ajé tó ń bọ̀ kò bá já geere, kí o má wulẹ̀ padà wá mọ́. O ní kí wọ́n tó lé ọ, wàá ti lọ.

Mi ò lè dá ọ lóhùn lórí fóònù. Ilẹ̀kùn yàrá wa kì í pa dé dáadáa, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ohun tí mo bá sọ, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, tí wọ́n ń pè ní ìyàwó pẹ̀lú ewú lórí. Ojú ń tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí a ṣe rí i láti ìhín, nítorí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ìwọ wà, iwájú rẹ̀ ni àwa wà.

Ní àárọ̀ Ajé, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ la jókòó sí, à ń ṣa obì. Bàbá Ganí gbé rédíò kékeré wọn lé orí agbọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Bàbá Ganí ni ọkọ mi. Ó rọrùn láti fi bíírò kọ ọ̀rọ̀ yẹn ju kí n fi ẹnu pè é lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Ìyá Ràṣí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àsìkò ìkéde ọjà tó, Màmá Ìbídó tó máa ń ka ìkéde fún yín bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. O mọ bí arúgbó yẹn ṣe máa ń sọ̀rọ̀: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ohùn tó wá gòkè. Ohun tí a gbọ́ ni pé, "Kó obì wá sí ọjà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ìyá Ràṣí gbójú sókè. "Ta ni Màmá yìí ń pàṣẹ fún bí ọmọ ọ̀dọ̀? Wọn ò tilẹ̀ fi 'ẹ' sí i."

Bàbá Ganí ní, "Ọjọ́ orí wọn gbà wọ́n láyè. Ta ló kù ní Ṣàgámù tí wọn ò lè pè ní 'o'?"

A rẹ́rìn-ín, a ń ṣa obì wa lọ. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ ká fura sí ohun tó ń bọ̀ wá bá wa. Àgbà tó jẹ́ ọmọlúàbí, tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀, kò jẹ́ sọ pé "kó". "Ẹ kó" ni yóò sọ. Bí "ẹ" bá ti sọnù lẹ́nu Màmá Ìbídó, ó yẹ ká béèrè ohun mìíràn tó bá a lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Ganí tẹ́ ewé sínú agbọ̀n, wọ́n di obì, àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn gun ọ̀kadà lọ sí Ṣàgámù. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀, géètì ọjà ti wà ní títì, àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ́ gọ́tà. Àwọn olóbì láti oko mìíràn náà dúró lóòrùn pẹ̀lú agbọ̀n wọn, kálukú ń sọ pé rédíò ló pe òun. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ọjà ti fi yé wọn pé ohun tí àwọn kọ ránṣẹ́ ni, "Ẹ má kó obì wá sí ọjà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Àpótí ohùn yín, èyí tí ohùn ń gbà kọjá kó tó dé orí afẹ́fẹ́, ti gbé "Ẹ má" mì, ó wá fi ìyókù fún wa.

Wọ́n dé sílé ní ọ̀sán. Ìyá Ràṣí sọ agbọ̀n kalẹ̀ níwájú mi. "Ìyàwó," wọ́n ní, "ọmọ rẹ rán wa níṣẹ́ ọjà tí kò sí." Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá Ganí kò sọ ju pé obì kì í bàjẹ́ lóòjọ́, kí n dìde lọ bu omi fún àwọn. Ìgbà tí wọ́n mu omi tán ni wọ́n béèrè pé, ẹ̀rọ wo ló ń jẹ "ẹ má"?

Lánàá, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tán, mo ṣàlàyé fún wọn bí ìwọ ṣe ṣàlàyé fún mi. Pé ọ̀gá yín ní òun ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ohùn Màmá Ìbídó, kí o wá nǹkan ṣe sí i. Pé o gbé géètì inú àpótí ohùn sókè, èyí tó máa ń ti ariwo kékeré mọ́ ìta, tó sì ń ṣí nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá gbóhùn sókè. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n "Ẹ má" tí Màmá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ kò ga tó láti ṣílẹ̀kùn. Orí "kó" ni géètì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Bàbá Ganí ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Géètì méjì ló tì mọ́ wa, nígbà náà."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ wo iwájú, jẹ́ kí èmi bá ọ wo ẹ̀yìn.

Àkọ́kọ́. Àwọn àtòsílẹ̀ inú àpótí yẹn, tí ẹ̀yin ń pè ní pírísẹ́ẹ̀tì: o sọ fún mi pé o tọ́jú èyí tí o ṣe lé orí ti tẹ́lẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ sì parẹ́. Àjọkẹ́ mi, ibẹ̀ ni o ti jọ mí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bàbá rẹ, Ọlọ́run kẹ́ wọn, tí wọ́n ń fi áńpù àti sípíkà háyà níbi wáàsí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ ilé tọ́jú. Mo rí i pé eruku bo áńpù, àwọn tótòtó pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo bọ́tìnnì yíyí rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì nù ún títí ó fi ń dán. Mo gbé e síwájú wọn kí wọ́n yìn mí. Wọ́n wò ó, wọ́n jókòó sílẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì ni mo nù kúrò. Ibi tí wọ́n ti fi etí wá ohùn mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí, pé kí bọ́tìnnì dúró síhìn-ín fún ibi tó ní òrùlé páànù, kí ó dúró sọ́hùn-ún fún ìta gbangba. Pírísẹ́ẹ̀tì wọn nìyẹn, tí mo fi kẹrosíìnì fọ̀.

Wọn ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n gbé máìkì fún mi, wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀. Mo ní kí ni kí n sọ? Wọ́n ní, "Sọ ohun tí o jẹ lánàá." Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá, wọ́n ń yí bọ́tìnnì. Ohùn mi ni wọ́n fi to àmì tuntun. Wọ́n ní bí áńpù bá gbé ohùn mi jáde, kò sí ẹni tí kò ní í gbé jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń mú mi lọ sí àsàlátù àwọn obìnrin, tí èmi náà ń jókòó ti áńpù.

Nítorí náà, má tọ́jú tuntun lé orí ògbó mọ́. O sọ fún mi pé àyè pọ̀ nínú àpótí náà. Fi èyí tí o bá ṣe síbi tó ṣófo, kí o fún un lórúkọ. Má pè é ní "tuntun", nítorí ọ̀la ni yóò di ògbó. Pè é ní orúkọ ẹni tí o ṣe é fún. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, o ní ìyẹn ṣì wà, kò ṣeé parẹ́. Padà síbẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èkejì ni pé kí o ti ibi ohùn tó kéré jù bẹ̀rẹ̀. Má ti ibi ohùn alágbára. Mo mọ̀ pé o mọ èyí, nítorí ìwọ lo ṣe é fún mi ní ọjọ́ tí wọ́n so yìgì mi. A kò tíì jọ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, bóyá yóò mú ọ rẹ́rìn-ín.

Ìwọ lo wà nídìí áńpù bàbá rẹ. Àfáà ti ṣe wáàsí tán pẹ̀lú ohùn tó ń mi páànù, ohùn wọn ni o sì to gbogbo nǹkan sí. Wọ́n wá yí sí mi. Wọ́n ní ti omidan, bó bá dákẹ́, ó ti gbà. Ti opó, ẹnu rẹ̀ ni a fẹ́ gbọ́ kedere. Wọ́n gbé máìkì sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Mo gbà." Sípíkà kò sọ nǹkan kan. Àwọn ẹbí ọkọ ń wo ara wọn. Àfáà tún béèrè. Mo tún un sọ, mo fi ipá díẹ̀ sí i, géètì inú áńpù ṣí nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ìdajì, gbogbo ìjókòó wá gbọ́ "Gbà!" látinú sípíkà. Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ní, "Kí ni kí Bàbá gbà?" Ẹ̀rín bú. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mo rí ọ láti abẹ́ ìbòrí mi. O ò sáré. O tẹ̀ síwájú, o yí bọ́tìnnì kan ṣoṣo padà sílẹ̀, o sún máìkì mọ́ mi lẹ́nu, o wá mi orí sí mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́ ọ dé títì. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ rẹ, ọmọ mi, bóyá àwọn èèyàn á máa sọ títí dòní pé opó náà kọ̀. Irú bọ́tìnnì tí o yí lọ́jọ́ yẹn náà ni èyí tó wà níwájú rẹ lónìí. Ìwọ fúnra rẹ lo jẹ́ kí n fi ojú mi rí i pé ọ̀rọ̀ tó wúwo jù, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni èèyàn sábà fi ń sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Ariwo jẹnẹrétọ̀, géètì kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, tàbí kí ẹ gbé nǹkan dí ojú fèrèsé. Sún máìkì mọ́ Màmá lẹ́nu, bí o ṣe sún un mọ́ mi. Bí ìró díẹ̀ bá ṣì kù, jẹ́ kó kù. A mọ ìró jẹnẹrétọ̀ ní Ìrolù, kò sí ẹni tó máa rò pé ọ̀rọ̀ ni. Géètì náà, jẹ́ kó wà nílẹ̀, kó tètè máa ṣí, kó má sì tètè máa pa dé.

Ìkan tún wà tí o sọ, pé ọ̀gá fẹ́ kí ohùn yín nípọn bíi ti àwọn rédíò Èkó. Mo mọ bọ́tìnnì tó ń tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, tó ń gbé ti kékeré sókè, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Ó dára. Ṣùgbọ́n wo bí a ṣe ń di obì sínú agbọ̀n. Bí a ò bá tẹ̀ ẹ́, á máa mì lójú ọ̀nà, á sì máa ha ara rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, tìsàlẹ̀ á gbóná, á dúdú. Ọwọ́ Bàbá Ganí máa ń dúró níbi tí ewé ti ń padà sókè díẹ̀. Bí o bá ń tẹ ohùn, jẹ́ kó ráyè padà sókè díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ètò ọ̀sán yín le bí ẹni ń kígbe láìmí. Ìyá Ràṣí pa á, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: yí ẹyọ kan, gbọ́ ọ, kí o tó yí òmíràn. Bí o bá yí mẹ́ta pọ̀, o ò ní mọ èyí tó tún un ṣe, o ò sì ní mọ èyí tó bà á jẹ́.

Yọ nǹkan tí o fi ń bo etí yẹn náà. Ohun tí o ń gbọ́ nínú rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni ní Rẹ́mọ tó ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ra rédíò kékeré bíi ti Bàbá Ganí, gbé e sórí tábìlì, kí o fi gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Ó wá kan èyí tó gbé mi dìde láti kọ ìwé. Mo gbọ́ láti ẹnu àwọn tó ti Ṣàgámù bọ̀ pé wọ́n ń sọ pé arán ti ń ṣe Màmá Ìbídó. Wọ́n ní arúgbó náà ò lè kàwé mọ́, ó ń fo ọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní ọ̀gá yín fẹ́ fi ọmọdé rọ́pò wọn. Bàsírá, ìwọ mọ̀ pé Màmá kò fo nǹkan kan. Wọ́n sọ "Ẹ má". Ẹnu wọn ni ó ti jáde, inú àpótí rẹ ni ó kú sí.

Bí o bá kó ẹrù rẹ lónìí, wàá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Màmá Ìbídó ò ní bọ́. Ẹ̀bi náà yóò jókòó tì wọ́n títí, kò sì ní sí ẹni tó máa yọ ọ́ kúrò, nítorí ní ilé iṣẹ́ yín, ìwọ nìkan lo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wọlé sí. Mi ò bá ọ jà. Mò ń sọ ọ́ bí mo ṣe rí i ni.

Lọ sí Ìbídó lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀. Kúnlẹ̀ fún wọn, kí o sọ ọ́ tán, má fi ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì bò ó. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Àgbà tí a bá sọ òótọ́ fún kì í sábà lé ọmọ jáde. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ibẹ̀ bá dákẹ́. Gbé máìkì fún wọn. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí wọ́n máa sọ, ìwọ náà mọ ohun tí bàbá rẹ máa ń ní kí èèyàn sọ. Fi ohùn wọn to àpótí, kí o sì kọ "Màmá Ìbídó" sórí àtòsílẹ̀ náà, kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ lè mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sọ ibi tí "Ẹ má" gbà lọ. Bí ó bá lé ọ lẹ́yìn èyí, wá, mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ pé ó lé ọ ni.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ nǹkan síta. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, ògì ni Bàbá Ganí ń gbé fún mi ní gbogbo àárọ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń pò ó, wọ́n á bu ṣúgà sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Mi ò fẹ́ràn ṣúgà, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Wọ́n á béèrè pé ṣé ó dùn, màá mi orí. Mo ń gbé e mì láràárọ̀.

Ní àná tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, mo ronú pé kí ni mo fẹ́ fi ẹnu sọ fún ọmọ tí èmi fúnra mi ò lè sọ nínú ilé mi? Ní àárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe gbé ife dé, mo ní, "Ẹ má fi ṣúgà sí i mọ́." Wọ́n ní, "Kí lo wí?" Géètì tiwọn náà ga díẹ̀. Mo tún un sọ, ó jáde ketekete, Ìyá Ràṣí gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Ganí wo inú ife, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ife fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá mu ún fúnra wọn. Kò sí ohun tó ṣe mí, Bàsírá. Ilé kò wó.

Ní àárọ̀ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jókòó ti rédíò orí agbọ̀n. Ìyá Ràṣí ti sọ pé etí lásán làwọn fẹ́ fi gbọ́ ọ, pé àwọn ò ní di obì kankan. Ó kù sí ọ lọ́wọ́.

Ọlọ́kadà tó ń lọ sí Ṣàgámù ni mo fẹ́ fún ní ìwé yìí. Ìdáhùn mi sí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ rèé. Mo kọ ọ́ ní gàdàgbà, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ohunkóhun má baà gbé ìdajì rẹ̀ mì lójú ọ̀nà:

MÁ kó ẹrù rẹ wá.

Èmi ìyá rẹ tó ń fetí sí ọ,
Ìyá Bàsírá.